Bí a ṣe ń yọ háńdù ilẹ̀kùn tó ti gan, tá a sì ń fi tuntun rọ́pò ẹ̀

Tó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe Iléyá, tí àwọn èèyàn wa tó wà l'Ékòó ti ń palẹ̀ mọ́ fún Ojúde Ọba tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta ọdún, ìgbà yẹn lẹ máa mọ iye háńdù tó ti gan n'Íjẹ̀bú-Òde nìkan, ká má tíì ka Ṣàgámù àti Ìpẹru. Ilé tí wọ́n tì pa látọdún tó kọjá, òjò ti fẹ́ sí i, eruku ọyẹ́ ti wọnú ẹ̀, wọ́n á dé, wọ́n á ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, háńdù ò ní mira. Ohun tó kàn tí wọ́n máa ń wá ni òòlù, ìyẹn ló sì máa ń dùn mí, torí wọ́n á gbá a títí ilẹ̀kùn ìrókò gidi á fi ya létí, owó háńdù á wá di owó ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òòlù sílẹ̀ ná.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá háńdù ló ní ẹjọ́. Lásìkò òjò, igi máa ń wú, tó bá wú, á tẹ ahọ́n lọ́ọ̀kì mọ́ ara fírémù, háńdù á le bíi pé ó ti bàjẹ́. Ẹ fi orúnkún ti ilẹ̀kùn tàbí kẹ́ ẹ fà á mọ́ra dáadáa bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ háńdù, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú láti gbé e sókè díẹ̀. Tó bá ṣí, káfíńtà ni kẹ́ ẹ pè kó fá etí ilẹ̀kùn, ẹ má ra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé háńdù ń yí lásán tí ahọ́n ò wọlé, a jẹ́ pé irin onígun mẹ́rin tó gba àárín ilẹ̀kùn kọjá ló ti jẹ, tàbí pé inú lọ́ọ̀kì ti kú. Tí háńdù bá sì gan pátápátá kódà nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ìpẹtà ni.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kẹ́ ẹ fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù dá a dúró. Mo ti rí ẹni tó tú háńdù tán tí atẹ́gùn wá gbá ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn nínú yàrá. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ ki súkúdiréfà olórí pẹlẹbẹ bọ ihò onígun mẹ́rin yẹn, kẹ́ ẹ fi yí i, ahọ́n á wọlé, ìyẹn tí ẹ ò bá fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Epo ló kàn. WD-40, epo inú agolo tí wọ́n ń fín sí irin tó ti gan, dáa, ṣùgbọ́n tí ò bá sí, ẹ po kẹrosíìnì àti ẹ́ńjìnnì-ọ́ìlì tó mọ́ pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, kẹ́ ẹ fi síríńjì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kán an sí orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan àti sí ọrùn háńdù níbi tó ti wọnú pẹlẹ́ẹ̀tì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń kán tèmi kó lè sùn mọ́jú, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi epo pupa tàbí òróró sí i o, kò ní pẹ́ tó fi máa ki pọ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ bá sì ti kán kẹrosíìnì sí, ẹ má gbé àbẹ́là tàbí iná kankan súnmọ́ ọn.

Wàyí o, nọ́ọ̀tì. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n á mú súkúdiréfà tó kéré ju ojú nọ́ọ̀tì lọ, wọ́n á yí i pẹ̀lú ìkánjú, á yọ̀, wọ́n á tún yí i, lẹ́ẹ̀kan sí i á tún yọ̀, kí wọ́n tó mọ̀, ojú nọ́ọ̀tì ti jẹ, ó ti di róbótó, kò sí nǹkan tó máa mú un mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ gbẹ́ ọ̀dà àti ìdọ̀tí tó wà lójú ẹ̀ kúrò, torí àwọn akunlé ò kì í bo háńdù kí wọ́n tó kun ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ẹ wá súkúdiréfà tí orí ẹ̀ kún ojú nọ́ọ̀tì yẹn pátá, tí ò ní máa mì nínú ẹ̀ rárá, ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá kọ́kọ́ yí i sí ọ̀tún díẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ dè é sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́! Ìyẹn ló máa já ìpẹtà tó dì í mú, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá yí i sósì. Tó bá ṣì le, ẹ gbé súkúdiréfà sójú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi òòlù kàn án nídìí jẹ́jẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin, ibí yìí nìkan ni mo fọwọ́ sí òòlù, kẹ́ ẹ tún kán epo, kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ padà wá.

Kété tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ojú nọ́ọ̀tì ti ń jẹ, ẹ dúró. Ẹ má sọ pé ó ku díẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn fọganáísà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní tíúbù tó ti bàjẹ́, wọn ò ní gbowó, ẹ gé rọ́bà ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sójú nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ wá tẹ súkúdiréfà lé e lórí kẹ́ ẹ yí i. Rọ́bà yẹn máa dí ibi tó jẹ, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi bíléèdì ayùn irin rẹ́ ojú ẹ̀ kó ní ìlà kan, kẹ́ ẹ fi súkúdiréfà pẹlẹbẹ yí i. Dírílì ló gbẹ̀yìn, orí nọ́ọ̀tì nìkan sì ni kẹ́ ẹ fi í jẹ kúrò, pẹlẹ́ẹ̀tì á jábọ́, kẹ́ ẹ wá fi puláyà yí èyí tó kù nínú igi jáde.

Tí nọ́ọ̀tì bá ti jáde tí háńdù ò tíì yọ, ẹ má fà á tipátipá, ẹ wo abẹ́ ọrùn ẹ̀. Àwọn kan ní nọ́ọ̀tì bíńtín tó fara pamọ́ síbẹ̀, Allen key àwọn mẹkáníìkì, irin onígun mẹ́fà tó tẹ̀ lórí yẹn, ló ń tú u. Púpọ̀ nínú háńdù tí wọ́n ń tà báyìí ò lágbára, tẹ́ ẹ bá fipá mú un, á dá sí méjì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ lọ́ọ̀kì náà, ẹ wo etí ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀tì gígùn kan wà níbẹ̀ tó ṣe déédéé pẹ̀lú ojú kọ́kọ́rọ́, òun ló di sílíńdà, ìyẹn irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, mú. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bẹ́ ẹ ṣe ń rọra fà á. Irin kékeré kan yọrí níkùn sílíńdà, àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá yí i dé ibi tó ti máa wọlé ni sílíńdà tó lè jáde. Àìmọ èyí ló ń mú káwọn kan máa gbẹ́ igi yíká ẹ̀. Tí sílíńdà bá ti jáde, nọ́ọ̀tì méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, ló kù, àpótí lọ́ọ̀kì á sì yọ.

Ẹ má lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfìfo. Yálà Òkè-Àjẹ lẹ̀ ń lọ n'Íjẹ̀bú-Òde tàbí Ọjà Awólọ́wọ̀ ní Ṣàgámù, ẹ gbé ti àtijọ́ dání, àti háńdù àti lọ́ọ̀kì. Tí ti àtijọ́ bá ti fọ́, ẹ lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù ra á kí gbogbo ihò hàn lórí ẹ̀. Àárín ihò háńdù sí àárín ojú kọ́kọ́rọ́ ló ṣe pàtàkì jù, 72mm tàbí 85mm ló pọ̀, tó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, pẹlẹ́ẹ̀tì tuntun ò ní bá ihò àtijọ́ mu. Ẹ tún wọn etí ilẹ̀kùn sí àárín ihò háńdù, àti bí ilẹ̀kùn ṣe nípọn tó, torí ìyẹn ló máa sọ bí sílíńdà ṣe máa gùn tó. Mo máa ń mú mágúnẹ́ẹ̀tì kékeré lọ: háńdù tí wọ́n bá pè ní bàbà tí mágúnẹ́ẹ̀tì wá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi nǹkan ràn lójú ni, òjò ọdún méjì á sì jẹ ẹ́. Èyí tó wúwo lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ rà.

Fífi tuntun sí i ò le. Lọ́ọ̀kì, sílíńdà, irin onígun mẹ́rin, háńdù méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ lára ahọ́n ni kó kọjú sí ibi tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí. Ẹ fi àbẹ́là tẹ́ ẹ ò tàn ra ẹnu nọ́ọ̀tì kó lè wọlé wẹ́rẹ́, ẹ fi gbogbo wọn mú díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè wọ́n, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ dè é, kì í ṣe dírílì. Tí ihò nọ́ọ̀tì bá ti fẹ̀, ẹ la orín wẹ́wẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà sí i, ẹ rọ ọ́ sínú ihò, ẹ gé èyí tó yọ kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Igi ìṣáná náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n orín le jù ú lọ.

Ilẹ̀kùn ò gbọ́dọ̀ pa dé o! Bó ṣe wà ní ṣíṣí yẹn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ níwájú, ẹ yí i lẹ́yìn, ẹ tẹ háńdù méjèèjì. Ìgbà yẹn lẹ tó máa pa á dé, kí ẹnì kan dúró níta pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan. Tí ahọ́n ò bá wọ ihò fírémù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun orí ahọ́n, ẹ pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá tẹ̀ lára irin fírémù ni kẹ́ ẹ fi fáìlì yún, ẹ má fáìlì ahọ́n. Ẹ wá họ ìyẹ̀fun dúdú inú pẹ́ńsù sí ojú kọ́kọ́rọ́, òróró ò dáa níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé tẹ́ ẹ tún fẹ́ tì pa nìyẹn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí tó wà nítòsí, kó máa bá yín tẹ gbogbo háńdù ilé yẹn lóṣooṣù.