Ẹ Fi Ọ̀dà Wúrà Yẹn Sílẹ̀ Ná: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Kọ́ Ọnà Kókó Celtic

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, obìnrin kan gbé báàgì wá sí kíláàsì mi ní Glasgow níbí, ó tú u sórí tábìlì. Gègé mẹ́fà, ìgò yíǹkì mẹ́rin, awọ ìkọ̀wé tòótọ́, agolo ọ̀dà wúrà méjì, àti ọ̀dà ògiri aláwọ̀ ewé tó ṣú bí igbó òru. Owó tó ná ti lé ní £200. Mo ní kó fi pẹ́ńsù ya okùn mẹ́ta tó wé mọ́ra fún mi. Ó ní òun kò tíì dé ibẹ̀.

Kò tíì dé ibẹ̀! Níbo ló ti dé tó ti ń ra wúrà?

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Ilé kíkùn ni iṣẹ́ mi, ọnà kókó yìí ni mo sì fi ń ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Orúkọ àwọn Celt, ẹ̀yà àtijọ́ kan ní Yúróòpù, ni wọ́n fi ń pè é. Ohun tó jẹ́ kò ju èyí lọ: okùn tó ń gba òkè ara rẹ̀, tó ń gba abẹ́ ara rẹ̀, tí kò lórí tí kò nídìí. (Ẹ pè é ní Kẹ́ltíìkì o. Bí ẹ bá pè é ní Sẹ́ltíìkì nílùú yìí, orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níbí nìyẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa bá yín sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.)

Ìkíní: fífi ojú lásán yà á. Ẹ máa ń wo àwòrán lórí fóònù, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya etí okùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi ìkọlura kẹrin, ọwọ́ á ti dàrú. Àmì tótòtó la kọ́kọ́ ń tò sórí ìwé. Lẹ́yìn náà la ó fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín okùn, tó bá pé tán la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ara. George Bain, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ará Scotland, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ya á, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1951. Ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tún wo ìwé Ìhìn Rere Lindisfarne, ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ láti ilẹ̀ England, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 700. Bíṣọ́ọ̀bù Eadfrith ni wọ́n gbà pé ó kọ ọ́. Ní ẹ̀yìn àwọn ojú ewé ọlọ́nà inú rẹ̀, ojú ihò kọ́ńpáàsì àti ìlà tó fi wọn ọnà náà ṣì wà títí dòní. Eadfrith wọn tiẹ̀ kó tó ya á. Ìwọ wá ní o fẹ́ fi ojú ṣe é.

Ìkejì: òkè méjì tẹ̀ lé ara. Bí okùn bá gba òkè báyìí, abẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbà lẹ́yìn náà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ìkọlura kí ẹ tó fọwọ́ kan yíǹkì. Ẹni tó bá mọ irun dì kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó yé e. Àwọn ẹnjiníà ló ń fún mi ní orí fífọ́.

Ìkẹta: àìkà. Ẹ fà àga yín súnmọ́, nítorí eléyìí ló ń dùn mí jù.

Àwọn èèyàn rò pé ọnà ni ọnà, ìṣirò ni ìṣirò. Irọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí okùn kan ṣoṣo yí gbogbo àwòrán ká, iye ojú (àlàfo láàárín àwọn àmì tótòtó) tí ẹ kà ní ìbú àti ní òró ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Nínú ọnà híhun gbọọrọ tí ẹ kò tíì gé ibi kankan nínú rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín méjèèjì láìṣẹ́kù: iye okùn tí ẹ máa rí nìyẹn. Ojú 3 lórí 5, okùn kan. Ojú 4 lórí 6, okùn méjì. Ojú 6 lórí 6, okùn mẹ́fà, àfi kí ẹ máa gé e kí ẹ máa so ó títí tí yóò fi di ẹyọ kan. Mo ti rí ọkùnrin tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin wá okùn kan ṣoṣo nínú 4 lórí 6. Ó ní ìwé òun ni kò dára. Ó lọ ra ìwé tó wọ́n jù ú lọ.

Ti ògiri tún burú ju ti ìwé lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣẹ̀sín. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo fẹ́ ya okùn wúrà yí yàrá ìgbàlejò mi ká lábẹ́ àjà. Ògiri gígùn jẹ́ 4.2 mítà, kúkurú jẹ́ 3.6 mítà, àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 15.6. Mo gé páálí tí mo máa fi tẹ̀ ẹ́, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 23. Kí ló dé tó fi jẹ́ 23? Nítorí pé páálí bàtà ni mo gé, ibẹ̀ ló sì tán sí. Mo gun àkàbà fún alẹ́ mẹ́ta, mò ń kọrin. Mo tẹ kókó 67 tán, mo bá dé igun tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ku sẹ̀ǹtímítà 19. Kókó 23 kì í wọ inú 19, ì báà jẹ́ pé ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo fún un pọ̀ kó lè wọlé. Ó wá jọ ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì.

Bí mo bá ti jókòó kà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ǹ bá ti gé páálí náà ní 20. Ògiri gígùn á gba 21, kúkurú á gba 18, gbogbo igun á pàdé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fi £180 ra kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tó ga kan àjà, mo gbé e bo igun náà. Owó rẹ̀ ju owó ọ̀dà lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò ṣeé ṣí nítorí pé ó ń gbá ògiri. Àwọn oníbàárà mi máa ń ní ó bá yàrá náà mu gan-an. Mo máa ń dúpẹ́.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún? Ó ti dàrú mọ́ mi lójú. Rírà ìtumọ̀. Àwọn kan ń tà á fún yín pé kókó báyìí túmọ̀ sí ìfẹ́ ayérayé, tọ̀hún túmọ̀ sí bàbá àti ọmọbìnrin, pé àwọn babaláwo Celt àtijọ́ ló fi lélẹ̀. Àwọn Celt ayé ìgbà náà, kí ìgbàgbọ́ Kristi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, òbírípo àti ìlà yíyí bí ìkarahun ìgbín ni wọ́n fẹ́ràn. Okùn híhun yìí dé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún keje. Àwọn ará Róòmù ti ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe irú rẹ̀ sílẹ̀ ilé ṣáájú, àwọn ẹ̀yà Jámánì náà sì ń fi ṣe irin lọ́ṣọ̀ọ́. Ìwé Kells, ìwé Ìhìn Rere àfọwọ́kọ mìíràn tó wà ní Trinity College ní Dublin, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 800, kún fún un, kò sì síbi tó ti kọ ìtumọ̀ kókó kankan. Bí ẹ bá fẹ́ fi sọrí ìyàwó yín, ẹ fi sọrí rẹ̀, kò burú. Ẹ má ṣáà san owó fún ìwé ìtumọ̀.

Àwọn tó ń jiyàn pé àwa Yorùbá la kọ́ àwọn Celt tàbí àwọn ló kọ́ wa, nítorí pé irú okùn bẹ́ẹ̀ wà létí ọpọ́n Ifá àti lára adé onílẹ̀kẹ̀, ẹ dákun. Ẹni tó bá ti ń hun nǹkan á rí kókó yà. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Govan, ní Glasgow níbí, ẹ wo òkúta 31 tí wọ́n gbẹ́ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án sí ìkọkànlá, kí ẹ fi ojú tẹ̀ lé okùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju ti fóònù lọ.

Ó wá ku yàrá tó ṣú, ìyẹn kíkun gbogbo ògiri yàrá ní àwọ̀ tó ṣú, tí gbogbo yín ń pariwo lé lórí.

Ẹ má kun ògiri dúdú kí ẹ sì fi gílóòbù funfun bíi ti ilé ìwòsàn síbẹ̀. Nílùú yìí, ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin kì í lù kí oòrùn tó wọ̀, iná lẹ máa fi wo ilé yín jù. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 2700K sára páálí rẹ̀, ìyẹn iná tó pọ́n rúsúrúsú, ẹ fi sínú àtùpà kéékèèké mẹ́ta, kí ẹ pa ti àjà. Ẹnìkan pè mí láti wá tún yàrá rẹ̀ kùn nítorí pé ó jọ inú ihò. Gílóòbù ni mo pààrọ̀, mo sì padà sílé.

Ọ̀dà tó ń dán lórí ògiri ilé àtijọ́: gbogbo gẹ̀gẹ̀ ara ògiri ló máa hàn.

Ẹ kun páálí kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó ra agolo ńlá.

Ọ̀dà wúrà kì í bo àwọ̀ tó ṣú. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n díẹ̀ tẹ́ ìdí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa kùn ún lẹ́ẹ̀marùn-ún, á sì ṣì jọ ìpẹtà.

Kókó lórí tìmùtìmù, kókó lórí kápẹ́ẹ̀tì, kókó lórí dígí, kókó lórí kọ́ọ̀bù tíì. Kí ni ẹ ń so mọ́lẹ̀? Ibì kan péré nínú yàrá ló tó.

Obìnrin yẹn ṣáà ya okùn mẹ́ta rẹ̀ kó tó lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn rìsíìtì ọ̀dà ló yà á sí. Ó ṣe òkè méjì tẹ̀ lé ara lápá òsì, mo ní kó pa á rẹ́. Pẹ́ńsù ni, ó sì parẹ́.