Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Òṣìṣẹ́ Iná Lórí Ìròyìn Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin kọ́mírédì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Ohun tó ń dùn mí jù lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka ni kí n jókòó ti ọmọ ẹgbẹ́ tí òfin ti kọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kedere, kí n sì máa sọ fún un pé ọjọ́ ti kọjá. Kì í ṣe pé a kò polongo. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, a kà á nípàdé, a tún fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Àmọ́ àwọn kan kì í ka ohun tí a lẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń gba ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ohùn sọ lórí WhatsApp gbọ́ ju lẹ́tà tí àwọn olóyè fọwọ́ sí lọ. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú wọn nìyí. Èyí tó ń pa wá lára jù ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Fífara pa, ká sì dákẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń lọ. Láìnímàn kan ń pààrọ̀ fíùsì lábẹ́ tiránsífọ́mà, iná bú jáde, ó jó o lọ́wọ́. Súpáfáísọ̀ ní, "Ṣé o ṣì lè di nǹkan mú? Ó dáa, máa lọ sinmi." Ó ya kẹ́míìsì, wọ́n ta oògùn ojú iná fún un, ìyàwó rẹ̀ fi òrí pa á nílé. Àwọn ará àdúgbò wá kí i, wọ́n ní ewu iná kì í pa àwòdì. Kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìka méjì kọ̀, wọn ò ká mọ́. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun ní ẹgbẹ́. Súpáfáísọ̀ ti gba tìránsífà lọ sí ìlú mìíràn, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni fara pa.

Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, ìyẹn Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, ka ọjọ́ fún wa. Ọjọ́ 14 ni ẹni tó fara pa ní láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Bí ó bá ṣe pé ó kú ni, àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wọn ló máa fi tó ilé-iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14 kan náà. Ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti ròyìn rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú àpò owó gbà-máà-bínú yìí. Ọdún 1 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi kọ̀wé béèrè owó. Tó bá ti kọjá ọdún kan, ìgbìmọ̀ NSITF ṣì lè gbà á títí di ọdún 3 bí ìdí pàtàkì bá wà, àmọ́ ta ló fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó jẹ́ tirẹ̀?

Òfin yìí kò béèrè òyìnbó gbankọgbì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ yín, àsìkò tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó fà á, lédè tó yé gbogbo èèyàn. Irú lẹ́tà tí mo ń sọ nìyí: "Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, mò ń pààrọ̀ fíùsì lábẹ́ tiránsífọ́mà 500 kVA tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Iná bú jáde, ó jó ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún mi ti ya." Ó tán. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì torí kí ọ̀gá má baà bínú yọ gbólóhùn ìbọ̀wọ́ tó ya kúrò. Òfin ló ní kí ẹ sọ ohun tó fà á.

Ọ̀pọ̀ àwọn àbúrò wa tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ntíráátì ló rò pé àwọn kò sí nínú òfin yìí. Wọ́n wà níbẹ̀. Òfin ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà ibi iṣẹ́ sílé náà wà níbẹ̀, torí náà ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú nígbà tó ń lọ sí ṣíìtì òru kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó tó wọ àpò yìí, ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó oṣù yín.

Ibi kan ṣì kù tí wọ́n ti máa ń mú wa. Wọ́n á mú owó díẹ̀ wá sí ọsibítù, wọ́n á ní kí aláìsàn fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì máa ń rò pé òun ti tà á tán. Òfin sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn láti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí òfin náà fún un. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kó má ṣe tijú. Kó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá bá wa.

Gbígba ìròyìn ìyanṣẹ́lódì lẹ́nu ẹni tí a kò mọ̀

Ìròyìn ìyanṣẹ́lódì máa ń yára yí padà ju bí ẹsẹ̀ wa ṣe lè tọ̀ ọ́ lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹgbẹ́ NUEE, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná, yanṣẹ́ lódì, iná lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ọjọ́ náà kò sì tíì parí tí wọ́n fi dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, NLC àti TUC, àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lórílẹ̀-èdè, bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3, wọ́n sì dá a dúró fún ọjọ́ 5 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn àárọ̀ tí kò gbọ́ ti ìrọ̀lẹ́ lè pa iṣẹ́ tì nígbà tí ẹgbẹ́ ti ní kó padà. Ẹni tó sì rò pé dídá a dúró fún ọjọ́ márùn-ún ti parí ọ̀rọ̀ náà kì í tẹ́tí sí ìpè tó máa tẹ̀ lé e.

Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹnì kan á fi ìbínú sọ̀rọ̀, kò ní dárúkọ, kò ní mẹ́nu kan ọjọ́, ohùn náà á sì máa kiri láti ọdún dé ọdún. Tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to bá tún dé, ẹnì kan á tún gbé e jáde. Ẹ bá mi wo nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó gbà á gbọ́: lẹ́tà tó ní orí ìwé ẹgbẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, orúkọ àti ìfọwọ́sí akọ̀wé àgbà tàbí akọ̀wé ìpínlẹ̀. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ pe olóyè ẹ̀ka. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì kí ẹ tó pè.

Ó wá níbi tí àgbọ́ìgbọ́tán ti ń di ọ̀rọ̀ ikú. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá wà, tàbí tí wọ́n bá ní gíríìdì ti wó, gbogbo ènìyàn ló gbà pé kò sí iná lórí wáyà. Àwọn kan á sì lo àǹfààní yẹn láti gun òpó, kí wọ́n yára tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ má ṣe é. Ní ìgbà tí iná kò sí gan-an ni jẹnẹrétọ̀ ń pariwo ní gbogbo ilé. Bí oníbàárà kan kò bá ní ṣéńjí-ófà tó péye, ìyẹn ohun tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà wa, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á ti iná padà sórí wáyà wa, tiránsífọ́mà á sì gbé 415 volt yẹn di 11,000 volt lápá òkè. Ẹni tó wà lórí òpó níwájú kò ní mọ ilé tí iná náà ti wá. Ínfátà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó so ó kò bá mọṣẹ́.

Ìpè fóònù kan tó ní "ìyanṣẹ́lódì ti parí, ẹ dá iná padà" kò tó láti dá fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí àdúgbò, padà. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ la fi ń gé e, ìwé náà la sì gbọ́dọ̀ fi dá a padà, lẹ́yìn tí ẹni tó gba àṣẹ bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ sí i pé gbogbo èèyàn òun ti sọ̀ kalẹ̀ àti pé wọ́n ti tú wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń darí iná wọlẹ̀, kúrò. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, kó fi ohun èlò dán an wò, kó so ẹ́ẹ̀tì síwájú àti sẹ́yìn ibi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Kò sí alága tàbí ọ̀gá tó lè fi ẹnu sọ èyí dòfo. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹgbẹ́ ló ní kí ẹ fò ó, irọ́ ló pa mọ́ ẹgbẹ́.

Fífọwọ́ sí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tuntun láìbéèrè

Látìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí Òfin Iná ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn ìpínlẹ̀ ti ní agbára láti máa ṣàkóso iná lágbègbè wọn. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn wà lára àwọn tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, ti gbé àkóso fún, àwọn DisCo, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, sì ní láti dá ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ lè jí lọ́jọ́ kan kó bá lẹ́tà lórí tábìlì, orúkọ mìíràn ló wà lókè rẹ̀.

Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni ká fọwọ́ sí i kíá torí pé owó oṣù kò yí padà. Abala kẹwàá Òfin Òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kò lè gbé òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn àfi kí òṣìṣẹ́ náà gbà, kí aláṣẹ láti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè: ṣé ọdún tí mo ti lò máa tẹ̀ lé mi? Owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò tíì san ńkọ́, ta ló máa san án? Ṣé àdéhùn tí ẹgbẹ́ ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ṣì dúró? Ẹ gba ìdáhùn lórí ìwé. Àwa tí a wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí wọ́n gbé PHCN, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, fún àwọn aládàáni, mọ iye ẹ̀gbọ́n tó ṣì ń rìn sókè sódò lórí ẹ̀tọ́ wọn lẹ́yìn náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí làwọn oníjìbìtì tún ń pè lórí fóònù pé owó yín ti jáde, ẹ fi nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín ránṣẹ́. Ẹ bá wa sọ fún bàbá àti ìyá yín tó ti fẹ̀yìn tì: ẹgbẹ́ kì í gba nọ́ńbà báńkì lórí fóònù, kì í sì gba owó kí wọ́n tó san ẹ̀tọ́.

Orúkọ tó wà nínú fáìlì

Ọkùnrin kan wọṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbéyàwó, ó bímọ, bàbá kú, kò yí i padà. Ẹ wo irú wàhálà tí opó náà máa bá. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó má dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n sì máa san án fún. Lábẹ́ òfin ti 2010 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọkọ rẹ̀ tí iṣẹ́ pa. Owó tó lè tọ́ ọmọ dé yunifásítì nìyẹn, àwọn mọ̀lẹ́bí á sì máa jà sí i torí pé ẹnì kan kò gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí wọ́n ṣí fáìlì yín fún yín, kí ẹ fojú ara yín rí orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wò ó bóyá owó ń wọlé lóṣooṣù: ìdá 8 láti ọwọ́ yín, ìdá 10 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí owó oṣù bá jáde. Oṣù tí kò bá wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un wá.

Owó ẹgbẹ́

Èyí kò pọ̀. Àwọn kan gbà pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ń yọ owó ẹgbẹ́, ó parí, kò sí ìdí fún ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé owó oṣù yín, ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ń yọ ọ́ fún? Òṣìṣẹ́ kékeré ń wà lábẹ́ NUEE, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ní SSAEAC. Tí wọ́n bá gbé èèyàn ga, ó lè jẹ́ pé ibi àtijọ́ lowó rẹ̀ ṣì ń lọ, kò sì tíì kọ̀wé sí ibi tuntun. Àgbà òṣìṣẹ́ kì í di ọmọ ẹgbẹ́ àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun fẹ́. Ẹni tí ìgbéga rẹ̀ bá jáde, kó mú lẹ́tà náà wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka kí oṣù tó parí, ká jọ kọ èyí tó yẹ kó kọ.