Ìka òkè ọmọ ajá: ohun tí ojú mi rí láàárín ọjọ́ márùn-ún

Náírà 42,000 ni èékánná ajá kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Abo ajá mi, Tanímọ̀la, ló ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò wa ní Ìsòkùn níbí, ní Iléṣà, ni wáyà ọgbà bá fa ìka òkè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ya. Ìka òkè ni mo ń pe ìka kékeré tó máa ń rọ̀ dirodiro lápá inú ẹsẹ̀ ajá. Dewclaw ni àwọn tó ń sin ajá tà ń pè é. Torí pé kì í kan ilẹ̀ bí ajá bá ń rìn, kò sí ohun tó ń dín èékánná rẹ̀ kù. Yóò máa gùn, yóò máa ká bí ìwọ̀ ẹja, bí ẹ kò bá sì máa gé e, ó lè padà wọnú ẹran ara. Ọgbẹ́ Tanímọ̀la kẹ̀. Wọ́n ní láti fún un lóògùn oorun kí wọ́n tó gé ìka náà kúrò, kí wọ́n sì rán ojú ọgbẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sì fi rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ká ní ẹni tó tà á fún mi ti jẹ́ kí wọ́n gé e nígbà tó ṣì wà lọ́mọ titun, ìyà yẹn kì bá tí jẹ ẹ́.

Nítorí náà, kó tó lóyún rárá ni mo ti pinnu pé wọn yóò gé ti àwọn ọmọ rẹ̀ ní kékeré. Oyún àti ìrọbí kò mú wàhálà kankan wá, ọmọ mẹ́fà ló bí ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Mẹ́rin nínú wọn ló ní ìka òkè lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni wọ́n máa ń gé e, nígbà tí egungun ṣì rọ̀, tí ọgbẹ́ náà kò sì ní ju bíńtín lọ. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ìgbà tí ọmọ bá tó oṣù mélòó kan, tí ara rẹ̀ gba oògùn oorun. Gbogbo èyí ni mo ti bá dókítà ẹranko kan tó wà nítòsí wa sọ ṣáájú. Ó gba àsansílẹ̀ náírà 10,000. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ọjọ́ Ajé ló di ọjọ́ kẹta. Mo ti fọ ilẹ̀, mo ti se omi, mo ti tẹ́ aṣọ mímọ́. Aago mẹ́wàá, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Aago méjì, ó ní òun ti dé Òkèsà. Láti Òkèsà sí ilé mi, ọ̀kadà kì í pẹ́ débẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ṣú, n kò rí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní adìẹ oníbàárà òun kan ń kú, òun kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún ṣàlàyé ọjọ́ fún un bí ẹni pé èmi ni mo kàwé dókítà. Ọjọ́rú, tó jẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó pa fóònù.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan tó ń ta oògùn adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní òun lè fi abẹ gé e, náírà 1,000 lórí ọmọ kan. Kò sí oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Mo ní kó má ṣèyọnu. Omi ti ń bọ́ lójú mi kí n tó délé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi ní nọ́ńbà dókítà obìnrin kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ní bí mo bá lè dé Lágere kí aago mẹ́rin tó lù, òun yóò dúró dè mí. Mo háyà takisí ní náírà 15,000. Ọmọ ajá titun kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, nítorí náà mo rọ omi gbígbóná sínú ike, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e sínú páálí pẹ̀lú wọn. Ìyá wọn jókòó tì mí, ó ń sunkún ní gbogbo ọ̀nà.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà náà, mo ní kó gé ìka òkè ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ọn. Ó kọ̀. Ó ní ti iwájú ní egungun àti iṣan tó dì í mú, òun ni ajá fi ń di egungun mú tó bá ń jẹ ẹ́, tó sì fi ń tẹlẹ̀ bó bá ń sáré tó fẹ́ ṣẹ́rí. “Mọ̀mí, ti ẹ̀yìn tó rọ̀ dirodiro nìkan.” Mo bá a jiyàn díẹ̀, àmọ́ òun ló gba ọ̀rọ̀ sọ.

Ó ní kí wọ́n mú ìyá wọn jìnnà kó má gbọ́ igbe. Ó gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ìka wò bóyá egungun wà níbẹ̀. Awọ lásán ni ti àwọn mẹ́ta. Ó fi oògùn apakòkòrò nù ún, ó fún wọn lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn wọ́n, ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìdí rẹ̀, ó gé e. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì ọ̀fadà lọ, tòun ti èékánná funfun lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan. Ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e lọ sídìí ọmú ìyá rẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ̀kẹrin ní egungun, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò tètè dá. Ó fi òwú tẹ̀ ẹ́ títí, ó sì rán an lójú kan. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Náírà 12,000 ló gbà.

Lóru yẹn, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìyá wọn kò yé lá a. Kò sí èyí tó ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ojú ọgbẹ́ ti jiná, àfi bí ẹ bá tú irun wò ni ẹ ó mọ̀.

Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é, dókítà méjì ni n ó bá sọ ọ́ kí ajá tó bímọ, n ó sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti ṣe é rí. N kò ní san kọ́bọ̀ ṣáájú. Ẹ ṣírò ó: 15,000, 12,000, àti 10,000 tó wọgbó, 37,000 ni. Ọkùnrin yẹn ti tan fóònù rẹ̀ padà báyìí. Bí mo bá pè é, á ní òun yóò fi owó mi ránṣẹ́ lọ́la.