Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Irin Tó Ti Jẹ Ló Ń Mú Pístìnì Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi Gbóná Jù

Bí pístìnì ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, bá ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nínú ọkọ̀ ojú omi, omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ó dára kí a wò ó, àmọ́ kí a má dúró síbẹ̀. Ọ̀nà pàtàkì méjì ni ooru fi ń kúrò lára pístìnì: apá kan ń gba ara òrùka irin tó yí pístìnì ká bọ́ sára láínà, ìyẹn ògiri irin tí pístìnì ń rìn nínú rẹ̀, níbi tí omi ti ń gbé e lọ, apá kejì sì ń bá ọ́ìlì tó ń fọ́n sí abẹ́ orí pístìnì jáde. Bí irin bá ti jẹ lójú ọ̀nà wọ̀nyí, ìyẹn bí ó bá ti fẹ́lẹ́ nítorí ìfarakanra, ooru á há sínú pístìnì, bí omi tilẹ̀ tutù. Nítorí náà, ẹ wọn nǹkan kí ẹ tó pààrọ̀ nǹkan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ka ìwọ̀n ooru èéfín sìlíńdà kọ̀ọ̀kan (ihò tí pístìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) àti ti ọ́ìlì tó ń ti inú pístìnì kọ̀ọ̀kan bọ̀, bí ẹ́ńjìnì yín bá ní gééjì fún un. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, inú sìlíńdà yẹn ni kí ẹ wá ẹ̀bi lọ. Ẹ wọn agbára tí afẹ́fẹ́ ní nígbà tí pístìnì bá fún un pọ̀. Bó bá rẹlẹ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí fáàfù, ìyẹn ìdérí tó ń ṣí ọ̀nà èéfín, sì ń pa dé dáadáa, a jẹ́ pé gáásì gbígbóná ń gba ẹ̀gbẹ́ òrùka sá wálẹ̀, ó ń jó ọ́ìlì tó tẹ́ sára láínà gbẹ, ó sì ń sun ẹ̀gbẹ́ pístìnì níbi tí iná kò yẹ kó dé.

Bí pístìnì bá ti gbóná kọjá ààlà, ẹ dín eré ẹ́ńjìnì kù, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì máa lọ, kí ẹ sì jìnnà sí ìlẹ̀kùn àpótí kráǹkì, ìyẹn àpótí tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá dúró, ẹ má ṣí i fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá wọlé lè mú kí ìkùukùu ọ́ìlì gbiná. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ìbúgbàmù irú èyí pa ènìyàn 28 nínú ọkọ̀ Reina del Pacifico tí wọ́n ń dán wò lórí òkun nítòsí Àríwá Ireland, pístìnì kan tó gbóná jù ló sì dá a sílẹ̀.

Nígbà tí ó bá tutù tán, ẹ wo òrùka láti ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sìlíńdà, bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì ìgbésẹ̀ méjì (irú tí iná ń jó nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí pístìnì bá lọ sókè). Èyí tó dára máa ń dán, ọ́ìlì á rin ín, bí ẹ bá sì fi igi tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á tún ta padà. Èyí tó ti dúdú, tí ìlà fà á lójú láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí tí kò mira rárá, kò lè gbé ooru lọ mọ́.

Ẹ wá yọ pístìnì, kí ẹ wọn inú láínà ní ibi púpọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, síwá-sẹ́yìn àti lọ́tùn-ún-lósì. Òkè ni ó sábà máa ń jẹ jù, níbi tí òrùka àkọ́kọ́ ti ń yí padà, torí pé iná pọ̀ níbẹ̀, ọ́ìlì sì fẹ́lẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà yín wé ti ìgbà tó kọjá àti ààlà tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnì. Ẹ ti òrùka nìkan bọ ìsàlẹ̀ láínà, níbi tí kò tíì jẹ, kí ẹ wọn àlàfo ẹnu rẹ̀.

Ẹ dojú pístìnì dé. Èédú líle tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ orí rẹ̀ dà bí aṣọ òtútù tí a wọ̀ fún un: ọ́ìlì ń kan èédú, kò kan irin. Èédú yìí sábà máa ń wá láti inú ọ́ìlì tí kò tó, nítorí bẹ́árìn (irin tó gbé ọ̀pá tó ń yí ró) tàbí pọ́ǹpù tó ti jẹ. Ẹ dán nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà, wò pẹ̀lú, nítorí èyí tó ti gbó máa ń kán epo dípò kó fọ́n ọn, iná á wá máa jó lórí pístìnì fúnra rẹ̀.

Bí láínà bá jẹ kíákíá, ẹ yẹ epo wò fún eruku líle alumíníọ̀mù àti sílíkọ́nì. Ìlànà àgbáyé ISO 8217 fún epo dúdú tó nípọn tí ọkọ̀ ojú omi ń jó kò gbà ju mílígíráàmù 60 lọ nínú kílógíráàmù kan, ẹ̀rọ tó ń fọ epo nínú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ dín in kù jìnnà sí èyí kó tó dé ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi òrùka tuntun sí i, ẹ jẹ́ kí ẹrù ẹ́ńjìnì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún yọjú wò ó láti ojú ihò afẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ tó lọ jìnnà.