Ìyà lẹ rò pé ẹ fi jẹ ọmọ yẹn, àbí ẹ̀bùn? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń wádìí ìdí ìwà

Tíṣà gbé ìṣirò síwájú ọmọ kan, ọmọ wo ìwé yẹn, ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá tábìlì. Tíṣà ní kó bọ́ síta kó lọ fara balẹ̀. Lójú tíṣà, ó ti jẹ ẹ́ níyà. Lójú ọmọ ńkọ́? Ìṣirò ti lọ! Tí ìwé yẹn bá tún yọjú lọ́la, orí ló máa kọ́kọ́ gbá. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gbá orí nìkan làwọn àgbà máa ń sáré wá bá a, ìtọ́jú tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ orí gbígbá kan náà ni. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyẹn: ká máa wo bí ìwà ṣe rí, ká má wo ohun tó ń bá ẹni tó ń hù ú rí gbà.

Ní 1982 ni Brian Iwata, onímọ̀ nípa ìwà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kan jáde lórí èyí. Ipò mẹ́rin ni: wọ́n ń dá ọmọ lóhùn tó bá ti ṣe ara ẹ̀ léṣe, wọ́n ń gbéṣẹ́ kúrò níwájú ẹ̀ tó bá ṣe é, ó dá wà, tàbí ó ń ṣeré láìsí wàhálà. Nínú àwọn 9 tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn 6 ló jẹ́ pé ipò kan pàtó ló máa ń mú kí ṣíṣe ara wọn léṣe pọ̀ sí i, kì í sì í ṣe ipò kan náà fún gbogbo wọn.

Ẹ má kọ "olóríkunkun ni" sínú ìwé yín jàre, ẹ kọ ohun tójú rí: ẹ̀ẹ̀melòó, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ló tẹ̀ lé e. Ẹ má sì fi fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí òbí kọ nípa ìwà ọmọ nìkan parí ọ̀rọ̀. Kí dókítà sì yẹ etí àti eyín ẹ̀ wò ná, torí ìrora máa ń mú ọmọ tí ò lè sọ̀rọ̀ gbá orí. Ìdánwò tó lè mú kó ṣèṣe, ẹ má dán an wò láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ibi tẹ́ ẹ ti fẹnu kò pé ẹ máa dáwọ́ dúró.

Àwọn míì á wádìí ẹ̀ dáadáa tán, wọ́n á wá kàn gba èrè tí ìwà yẹn ń mú wá lọ́wọ́ ọmọ láìfi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀, ìwà náà á sì tún le sí i fúngbà díẹ̀, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á juwọ́ sílẹ̀, ọmọ á wá kọ́ pé tóun bá gbá a líle ni wọ́n máa gbọ́. Ohun tí àwọn olùwádìí méjì, Carr àti Durand, fi hàn ní 1985 ni pé ká kọ́ ọmọ ní ọ̀nà míì tó lè fi béèrè nǹkan kan náà. Ọmọ oníṣìrò yẹn, ẹ fún un ní káàdì "mo fẹ́ sinmi". Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá na káàdì yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi, kódà kó jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ló tíì ṣe. Tó bá ti mọ̀ pé káàdì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè wá máa ní kó ṣe ìlà méjì kó tó sinmi.