Sísùn Nínú Bọ́ọ̀sì Lásìkò Ọyẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Ti Ìkòròdú Lọ Kó Ọjà ní Jos

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí ẹ ń gba Ògìjo jáde sí Ṣágámù, tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì lọ ra pòtétò, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì ní Jos, ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ ní Ìkòròdú kọ́ lẹ máa bá lọ́hùn-ún. Etí ọ̀sà la wà níbí. Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà ju òkun lọ. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òru ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé dígírì 12, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Bí ọjà kò bá tètè pé, inú ọkọ̀ náà lẹ máa sùn.

Kí á tó sọ ohunkóhun mìíràn: ẹ má gbé iná wọ inú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ sùn sí. Èédú tí eérú ti bò lójú, tí kò rú èéfín mọ́, kò tíì ṣíwọ́ láti máa tú gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sílẹ̀. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Bó bá wọ ẹ̀jẹ̀, á gba ipò ọ́síjìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá lajú sílẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára: orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ara rọ̀ jọwọrọ. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ nǹkan kan, ó sì lè má jí mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ ń tú gáàsì kan náà. Ẹ gbé e jìnnà sí ọkọ̀ tó mítà 6, kí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sùn nítorí hítà. Ibi tí páìpù sàlẹ́ńsà bá ti jò, ihò tí ìpẹtà dá sí ilẹ̀ ọkọ̀ ni èéfín máa gbà wọlé. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo páìpù náà látòkèdélẹ̀, kí wẹ́dà sì dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lo bátìrì, tó máa ń ké bí gáàsì yìí bá pọ̀. Ẹ gbé e sítòsí ibi tí ẹ máa gbórí lé, ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ ní in gbé èédú wọlé.

Bí gáàsì yìí bá mú ẹnì kan, ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì fi àkókò ṣòfò. Imú ló gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ gbé e síta síbi afẹ́fẹ́, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti lè fún un ní ọ́síjìn.

Òtútù tó ń múni jù nínú bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ẹ tẹ́ páálí ní ìpele mẹ́ta, ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ lé e, lẹ́yìn náà ẹní àti fóòmù ìnṣì mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó há sínú páálí ni kò ní jẹ́ kí irin fa ooru ara yín lọ. Bí ẹ bá ní kúbùsù mẹ́ta, ẹ tẹ́ ọ̀kan sábẹ́, ẹ fi méjì bora; ó sàn ju kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè lọ. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti gba òógùn, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, ẹ dé fìlà.

Ẹ gé páálí sí ìwọ̀n gíláàsì kọ̀ọ̀kan láti fi dí i, àmọ́ ẹ fi wíńdò méjì tó dojú kọra sílẹ̀ ní ìbú ìka kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé pátápátá, èémí yín á di omi lára gíláàsì, á máa kán sórí fóòmù, ibùsùn á tutù, á sì bu.

Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, òtútù ń sọ bátìrì di aláìlágbára, ó sì ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki. Bátìrì tó kún, tó ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, yẹ kó fi fóòtì (volt) 12.6 hàn, bó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ló kù, kò sì yẹ kí ẹ gbé e rìn. Ẹ má fi í tan gílóòbù mọ́jú. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì oní-dísù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ dúró kí iná hítà ẹ́ńjìnnì kú kí ẹ tó yí i síwájú láti ṣíná.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló máa ń yọ tàmọ́sítáàtì, ìyẹn ohun tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, dànù. Ẹ dá a padà: láìsí i, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná láàárọ̀ Jos, á sì máa mu epo. Omi rédíétọ̀ kò ní dì lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ ra kúláńtì (omi àkànṣe fún rédíétọ̀) síbẹ̀, nítorí omi lásán ń tètè hó níbi gíga, ẹ sì máa gun òkè Hawan Kibo kí ẹ tó débẹ̀.

Táyà ń pàdánù bíi PSI 1 (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) nínú gééjì fún dígírì 5 tàbí 6 tí ojú ọjọ́ bá fi tutù. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdájí kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ má yọ afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná.

Bí ẹ bá ti di ẹrù, ẹ má sùn sínú ọkọ̀ náà mọ́. Àpò á dí ilẹ̀kùn àti wíńdò, pòtétò pẹ̀lú sì ń mí, ó ń tú ooru àti omi jáde. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ láàárín àwọn àpò kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ fi tàpólì bò wọ́n kí oòrùn má sọ pòtétò di aláwọ̀ ewé, ẹ lọ gba yàrá sùn nítòsí gáréèjì tó ní ọlọ́dẹ, kí ẹ gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.