Ẹ má fi bíìlì wé bíìlì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò iná súpámákẹ́ẹ̀tì

Iná tí ẹ lò, mítà á kà á. Iná tí ẹ ò lò, kò sí mítà tó lè kà á. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó pààrọ̀ fírísà súpámákẹ́ẹ̀tì, tó sì fẹ́ mọ iye iná tó dín kù, fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò iye tí ilé ìtajà náà ìbá jẹ ká ní kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí èrè tí kò sí fi ń wọ inú àkọsílẹ̀.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kí wọ́n gbé bíìlì oṣù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìlì irú oṣù yìí lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú èkejì, kí wọ́n sì pe ìyókù ní èrè. Ká ní àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá fi hàn pé ilé ìtajà kan ń jẹ 3,000 yúníìtì lójúmọ́, tó sì ń fi 40 kún un fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí ooru ìta bá fi ju òdo lọ. Oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20 ní ìpíndọ́gba á jẹ 114,000. Lọ́dún yìí, lẹ́yìn àtúnṣe, ìyẹn pípààrọ̀ fírísà, oṣù yẹn jẹ 112,000. Ẹni tó ń fi bíìlì wé bíìlì á ní 2,000 ló dín. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti gòkè dé 25, 120,000 ló yẹ kó jẹ. 8,000 ló dín lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ tutù dé 16 ńkọ́? 109,200 ló yẹ kó jẹ, a jẹ́ pé ó ti jẹ 2,800 lé. Bíìlì kan ṣoṣo, ìtàn méjì tó takora.

Àwọn tó ti mọ èyí á wá fi ooru ìta nìkan ṣírò, wọ́n á rò pé ó ti parí. Súpámákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ́fíìsì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fíríìjì àti fírísà ló ń jẹ nǹkan bí ìdajì iná, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ dúró níwájú fírísà onígíláàsì lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kún fún omi. Bí ẹnì kan bá ṣí i tó sì tì í, gíláàsì á làágùn. Wáyà tín-ín-rín kan sábà máa ń wà nínú férémù ilẹ̀kùn, tó ń gbóná kí òógùn yẹn lè gbẹ. Iná ló ń jẹ. Omi tó ráyè wọlé á di yìnyín lára páìpù, ẹ̀rọ á tún máa yọ́ yìnyín náà. Iná ló tún ń jẹ. Ọjọ́ méjì tí ooru wọn jẹ́ 25 lè jẹ iná tó yàtọ̀ síra, torí pé ọ̀kan gbẹ, èkejì rin.

Fíríìjì kì í sì í dá iná jẹ. Èyí tí kò ní ilẹ̀kùn ń da òtútù sẹ́sẹ̀ oníbàárà. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá ń kọjá. Nígbà ooru, òtútù yẹn ń ran ẹ̀rọ amúlétutù lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi ilẹ̀kùn sí i, iná fíríìjì á dín, ẹ̀rọ amúlétutù á sì gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ẹni tó wo mítà fíríìjì nìkan ò ní rí i.

Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ò tó ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò. Ìṣirò tí ẹ fi àkọsílẹ̀ ìgbà òtútù ṣe ò mọ nǹkan kan nípa ooru 35. Bí ìta bá ṣe ń gbóná sí i ni iṣẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń le sí i, 40 yẹn sì lè di 60. Ẹ gba odidi ọdún kan.

Ká ní oṣù kẹrin lẹ́yìn àtúnṣe ni wọ́n gbé ààrò búrẹ́dì oníná wọlé, tàbí tí wọ́n fi wákàtí méjì kún àkókò ìtajà. Iná á lọ sókè, wọ́n á ní fíríìjì tuntun ò ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá sì ti apá kan ilé ìtajà pa, wọ́n á yin fíríìjì fún iṣẹ́ tí kò ṣe. IPMVP, ìlànà wíwọn iná tó dín kù tí wọ́n ń lò kárí ayé láti nǹkan bí ọdún 1997, ní kí irú ìyípadà báyìí ní àtúnṣe tirẹ̀ nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó lè tún ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ ṣe. Ẹ fún máníjà ní ìwé kan: ọjọ́ tí nǹkan yí padà, ohun tó yí padà, iye iná tó ń fà. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà níbi tó jìnnà ò lè rí ààrò nínú nọ́ńbà.

Ẹ wò ó bóyá wọ́n ka mítà lóòótọ́ tàbí wọ́n kàn fojú díwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì fi iye ọjọ́ tí bíìlì kárí pín in. Yúníìtì ni kí ẹ ṣírò, kì í ṣe owó.

Ẹ má fi oṣù tí ẹ fi kọ́ ìṣirò dán an wò. Ẹ fi mélòó kan pamọ́ fún ìdánwò. Bí ìṣirò yín bá ń fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà lóṣooṣù, tí àtúnṣe náà sì ń ṣèlérí ìdá 3, ẹ ò lè nawọ́ sí oṣù kan kí ẹ ní èrè rèé. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, mítà gbogbo ilé ò tó. Ẹ fi mítà tirẹ̀ sí ìdí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó kà fún ìgbà pípẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó tú bóòtù àkọ́kọ́. Bí fírísà àtijọ́ bá ti kúrò nílẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè wọn ohun tó ń jẹ mọ́.